ÌRÁHÙN OLÓWÓ OṢÙ ŃLÁ: ṢÉ Ó TỌ́ TÀBÍ KÒ TỌ́?

   

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ẹ̀yin òbí wa àti ẹ̀yin ará mọ́sáláṣí, ẹ̀kọ́ tí a fẹ́ jọ yẹ̀ wò nínú ìwé ọdọọdún wa yìí dá lórí owó oṣù. Bí lébìrà tí ó ń ru bíríkì bá ráhùn pé owó òun kò tó jẹun, kò sí ẹni tí yóò bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n bí máníjà báǹkì, dókítà àgbà, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ epo tàbí aṣòfin bá ní owó oṣù òun kò tó, ńkọ́? Àwọn kan yóò sọ pé aláìmoore ni. Àwọn mìíràn yóò sọ pé ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni ó ń bèèrè, nítorí pé bí iṣẹ́ kò bá pẹ́ni, a kì í pẹ́ṣẹ́. Èwo ni òdodo nínú méjèèjì, kí sì ni ẹ̀sìn wa wí sí i?

Ìdáhùn wa ni pé ìráhùn oríṣi méjì ni ó wà. Ọ̀kan jẹ́ ìbéèrè ẹ̀tọ́, èkejì jẹ́ ojúkòkòrò. Ohùn kan náà ni àwọn méjèèjì fi ń sọ̀rọ̀, ìdí nìyí tí ó fi ṣòro láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Iye owó tí ènìyàn ń gbà nìkan kọ́ ni a fi ń mọ̀ wọ́n. Ẹ jẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

1. TA NI À Ń PÈ NÍ OLÓWÓ OṢÙ ŃLÁ?

Ní oṣù Keje ọdún 2024, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà sọ owó oṣù tí ó kéré jù lọ di ₦70,000. Ẹni tí ó bá ń gba ìlọ́po mẹ́wàá rẹ̀, ìyẹn ₦700,000, ti kúrò ní ẹgbẹ́ mẹ̀kúnnù, bí òun fúnra rẹ̀ kò tilẹ̀ gbà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni òkè wà lórí òkè. Ní oṣù Kẹta ọdún 2018, Sẹ́nétọ̀ Shehu Sani láti Kàdúná sọ ọ́ síta pé ₦13.5 mílíọ̀nù ni sẹ́nétọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbà lóṣù fún ìnáwó iṣẹ́, yàtọ̀ sí owó oṣù gan-an tí ó lé ní ₦700,000. Owó oṣù tí ó kéré jù lọ nígbà náà jẹ́ ₦18,000.

Kí ẹ̀yin ọmọ wa mú bírò àti ìwé. Bí ẹ bá pín ₦13.5 mílíọ̀nù sí ọ̀nà ₦18,000, ọ̀nà 750 ni yóò jẹ́. Èyí ni pé òṣìṣẹ́ kékeré yóò ṣiṣẹ́ fún oṣù 750, tí í ṣe ọdún 62 àti oṣù mẹ́fà, láìjẹ láìmu, kí ó tó rí iye tí wọ́n ń fún ẹnìkan fún ìnáwó iṣẹ́ oṣù kan. Síbẹ̀, a ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn olóṣèlú pé owó kì í tó wọn, nítorí èrò tí ń wá tọrọ owó ilé-ìwé, owó ilé ìwòsàn àti owó ìnáwó ìgbéyàwó ní ẹnu ọ̀nà wọn. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ohun tí ó wu ni ní ń pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni. Ológún ẹrú kú, aṣọ rẹ̀ jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo.

Ṣùgbọ́n kí a má tíì dá ẹjọ́. Ẹjọ́ olówó náà ní ẹsẹ̀ tí ó fi ń rìn.

2. ÌRÁHÙN TÍ Ó LẸ́SẸ̀ NÍLẸ̀

Ìdí kìn-ín-ní tí ìráhùn fi lè tọ́ ni bí agbanisíṣẹ́ bá yẹ àdéhùn. Nínú hádíìsì tí Imam Bukhari gbà wá, Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) jẹ́ kí a mọ̀ pé ènìyàn mẹ́ta kan wà tí Ọlọ́hun fúnra Rẹ̀ yóò bá ṣe ẹjọ́ ní ọjọ́ Àlùkìyámọ̀. Ọ̀kan nínú wọn ni ẹni tí ó gba òṣìṣẹ́, tí ó gba iṣẹ́ ní kíkún lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò sì san owó iṣẹ́ fún un. Ẹ kíyè sí i pé hádíìsì náà kò sọ pé bí owó òṣìṣẹ́ bá pọ̀, a lè jẹ ẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Dókítà tí wọ́n jẹ ní owó oṣù mẹ́ta, òṣìṣẹ́ tí wọ́n jẹ ní gbèsè ni, bí ó tilẹ̀ ní mọ́tò. Bẹ́ẹ̀ náà ni súrà Al-Mutaffifin, tí í ṣe súrà 83 nínú Kùránì Alápọ̀nlé, bá àwọn tí ń dín òṣùwọ̀n kù wí. Kì í ṣe orí gààrí àti ìrẹsì nìkan ni òṣùwọ̀n wà. Agbanisíṣẹ́ tí ó gba iṣẹ́ wákàtí mẹ́wàá, tí ó san owó wákàtí mẹ́jọ, ti dín òṣùwọ̀n kù.

Ìdí kejì ni pé iye owó lè dúró lójú kan kí agbára rẹ̀ sì ti lọ. Ẹ jẹ́ kí a mú ẹni tí ó ń gba ₦500,000 lóṣù ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Nígbà náà, dọ́là kan jẹ́ nǹkan bí ₦460 ní iye tí ìjọba fi lélẹ̀, owó rẹ̀ sì lé ní 1,000 dọ́là. Ní oṣù Kẹfà ọdún náà, ìjọba fi náírà sílẹ̀ kí ó máa wá iye ara rẹ̀ lọ́jà. Nígbà tí ọdún 2024 fi parí, dọ́là kan ti tó nǹkan bí ₦1,500, ₦500,000 kan náà kò sì ju nǹkan bí 330 dọ́là lọ. Ẹnìkan lè wí pé dọ́là kọ́ ni a fi ń ra ẹ̀wà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n epo mọ́tò tí ó gbé ẹ̀wà wá láti òkè Ọya ń tẹ̀lé dọ́là, oògùn ń tẹ̀lé e, bébà tí a fi ń tẹ ìwé náà ń tẹ̀lé e. Àjọ tí ń ṣe ìṣirò fún ìjọba, NBS, sọ pé ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, nǹkan ti fi ìdá 34.8 nínú ọgọ́rùn-ún gbówó lórí ju ti oṣù Kejìlá ọdún 2023 lọ. Ohun tí a ń rà ní ₦100 ti di nǹkan bí ₦135. Ẹni tí wọn kò fi kọ́bọ̀ kún owó rẹ̀ láàárín ọdún kan náà ti pàdánù bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára owó náà, láìsí olè tí ó wọ ilé rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá lọ bá ọ̀gá rẹ̀ pé kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ owó òun wò, a kò lè pè é ní aláìmoore.

Ìdí kẹta ni pé iṣẹ́ kan lè gba gbogbo àsìkò ènìyàn débi pé kò ní lè wá jíjẹ mímu níbòmíràn. Nígbà tí Ànábì wa fi ayé sílẹ̀ ní ọdún 632, tí wọ́n fi Sayyidina Abubakar jẹ hálífà, ó tún gbé aṣọ lé èjìká, ó ń lọ sọ́jà láti tà á gẹ́gẹ́ bí ó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Sayyidina Umar àti Abu Ubaydah pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọ́n bi í pé báwo ni yóò ṣe máa tajà nígbà tí ọ̀rọ̀ gbogbo Mùsùlùmí ti wà lọ́rùn rẹ̀. Òun náà bi wọ́n pé kí ni òun yóò fi bọ́ ìdílé òun. Ni wọ́n bá gé owó kan fún un láti inú àpò ìjọba. Nínú ìròyìn kan tí Ibn Sa'd kọ sílẹ̀, 2,000 dírhámù ni wọ́n kọ́kọ́ gé fún un. Ó ní kí wọ́n fi kún un, nítorí pé òun ní ìdílé, wọ́n sì ti dá òun dúró nínú òwò òun. Wọ́n fi 500 kún un.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ yìí dáadáa. Ẹni tí ipò rẹ̀ ga jù lọ láàárín àwọn Mùsùlùmí ni ó bèèrè àfikún yìí, kò sì sí ẹni tí ó pè é ní olójúkòkòrò. Ó sọ ìdí tí ó fi bèèrè. Ó bèèrè ní gbangba lọ́wọ́ àwọn tí ó yẹ, kò ki ọwọ́ bọ àpò ìjọba fúnra rẹ̀. Kò sì tọ́ka sí ẹnikẹ́ni pé ti lágbájá ju tèmi lọ. Nígbà tí ikú dé bá a, ó pàṣẹ pé kí wọ́n dá ohun tí ó ṣẹ́kù lọ́wọ́ òun nínú dúkìá ìjọba padà fún ẹni tí yóò rọ́pò òun. Sayyidina Umar sunkún nígbà tí nǹkan náà dé ọwọ́ rẹ̀, ó ní Abubakar ti mú kí nǹkan ṣòro fún ẹni tí ó bá máa tẹ̀lé e.

Ẹ̀sìn wa tún fi ààlà sí i. Abu Dawud gba hádíìsì kan wá láti ọ̀dọ̀ Al-Mustawrid ọmọ Shaddad pé ẹni tí ó bá ń ṣiṣẹ́ fún àwọn Mùsùlùmí, tí kò ní ìyàwó, lè ti inú rẹ̀ fẹ́ ìyàwó. Bí kò bá ní ìránṣẹ́, kí ó ní. Bí kò bá ní ilé gbígbé, kí ó ní. Ẹni tí ó bá wá kọjá èyí ti bọ́ sí ọ̀nà olè. Ìdílé tí ó wà létòlétò, ìrànlọ́wọ́ tí yóò mú iṣẹ́ rọrùn, àti òrùlé lórí: ẹni tí owó rẹ̀ kò bá gbé nǹkan wọ̀nyí lẹ́yìn iṣẹ́ tọkàntọkàn ní ẹnu ọ̀rọ̀.

3. ÌRÁHÙN TÍ Ó JẸ́ OJÚKÒKÒRÒ

Ìráhùn kejì kì í ti inú àpò bẹ̀rẹ̀, ojú ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Ànábì wa kọ́ wa, nínú hádíìsì tí Bukhari àti Muslim gbà wá, pé bí ọmọ Adamọ bá ní àfonífojì méjì tí ó kún fún ọrọ̀, yóò tún máa wá ẹ̀kẹta, àti pé erùpẹ̀ sàréè nìkan ni yóò kún inú rẹ̀.

Àwọn àgbà tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní ọdún 1974 àti 1975 kò lè gbàgbé Údójì. Ìgbìmọ̀ tí Olóyè Jerome Udoji darí gba ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon nímọ̀ràn lórí owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́. Ìjọba fi owó kún owó, wọ́n sì san àjẹsílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò, ẹ̀rọ agbóhùnsáfẹ́fẹ́ ńlá àti alùpùpù wọ ilé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ṣùgbọ́n kí ni ó tẹ̀lé e? Ní ọdún 1975 kan náà, nǹkan gbówó lórí ju ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Àwọn dókítà, àwọn ẹnjiníà àti àwọn oníṣẹ́-ọwọ́-ìmọ̀ mìíràn bínú pé ìjọba gbé àwọn alákòóso ọ́fíìsì ga ju àwọn lọ. Ìyanṣẹ́lódì bẹ́ sílẹ̀ káàkiri. Ìjọba tún ní láti gbé ìgbìmọ̀ mìíràn kalẹ̀ lábẹ́ Olóyè Rotimi Williams láti gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí inú wọn kò dùn.

A kò sọ pé gbogbo ẹjọ́ ọdún náà ni kò tọ́. Àwọn kan nínú wọn ní ẹ̀tọ́ tí wọ́n ń bèèrè. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí ni bí ọkàn ọmọ ènìyàn ti rí. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn ní àárọ̀ nítorí pé owó rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì, inú rẹ̀ bàjẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí ó gbọ́ iye tí wọ́n fún ẹlòmíràn. Kọ́bọ̀ kan kò dín nínú owó rẹ̀ láàárín àárọ̀ sí ìrọ̀lẹ́. Ojú rẹ̀ nìkan ni ó ṣí kúrò lórí àwo tirẹ̀.

Súrà Al-Qasas sọ ìtàn Qarun fún wa, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú ìjọ Ànábì Musa. Nígbà tí wọ́n gbà á níyànjú lórí ọrọ̀ rẹ̀, ó ní ìmọ̀ òun ni ó mú un wá. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí ohun tí a ń gbọ́ lónìí lẹ́nu ẹni tí ó ní ìwé ẹ̀rí méjì tàbí mẹ́ta, pé owó tí wọ́n ń fún òun kò tó ìmọ̀ òun. Kò burú kí ọ̀mọ̀wé mọ iye iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ni ó kọ́ ọ ní álífù àti A, B, D? Ta ni ó ta aṣọ láti fi san owó ilé-ìwé rẹ̀? Ta ni ó fún un ní ọpọlọ tí kò yí? Bí ènìyàn bá gbàgbé gbogbo àwọn wọ̀nyí, kò sí owó tí yóò tó ìmọ̀ rẹ̀ láéláé. Àwọn tí wọ́n fẹ́ wà ní ipò Qarun ní àná, nígbà tí ilẹ̀ gbé òun àti ilé rẹ̀ mì, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí dúpẹ́ pé àwọn kì í ṣe òun.

Ojúkòkòrò kì í sì í jókòó sí ibi ìráhùn. Ọ̀kánjúà àti olè, ọgbọọgba ni wọ́n. Ànábì wa rán ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Ibn al-Lutbiyyah láti lọ gba sàká wá. Nígbà tí ó dé, ó pín ohun tí ó kó wá sí méjì, ó ní èyí ni ti ẹ̀yin, èyí sì ni ẹ̀bùn tí wọ́n fún òun. Ànábì bínú, ó gun mínbárì, ó bèèrè pé bí ó bá jókòó sí ilé bàbá àti ìyá rẹ̀, ṣé ẹ̀bùn náà yóò wá bá a níbẹ̀? Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń gba owó ẹ̀yìn ní ọ́fíìsì kò bẹ̀rẹ̀ bí olè. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìráhùn pé owó oṣù kò tó, wọ́n wá fi ìráhùn náà ṣe ìwé àṣẹ.

4. ÒṢÙWỌ̀N MẸ́RIN

Báwo wá ni ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ yóò ṣe mọ èyí tí tirẹ̀ jẹ́? Kí ó bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè mẹ́rin wọ̀nyí.

Ìkìn-ín-ní: Kí ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi? Bí ó bá lè tọ́ka sí àdéhùn tí wọ́n yẹ̀, tàbí agbára owó tí ó ti lọ, ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé mọ́tò aládùúgbò nìkan ni ó lè tọ́ka sí, kí ó dákẹ́.

Ìkejì: Àìní ni tàbí àfẹ́? Owó ìtọ́jú ìyá tí ara rẹ̀ kò yá jẹ́ àìní. Aṣọ ẹbí ìnáwó mẹ́rin lóṣù kan jẹ́ àfẹ́, bí ó tilẹ̀ dà bí ọ̀ranyàn lójú wa.

Ìkẹta: Ṣé mo ti ṣe iṣẹ́ tí mo ń gba owó rẹ̀? Súrà Al-Mutaffifin tí a mẹ́nu bà lókè bá òṣìṣẹ́ wí bí ó ti bá ọ̀gá wí. Ẹni tí ó ń dé ibi iṣẹ́ ní aago mẹ́wàá, tí ó ń lọ ní aago méjì, kí ó kọ́kọ́ san gbèsè wákàtí tí ó jẹ.

Ìkẹrin, èyí tí a fẹ́ kí a dúró lé lórí: Àwọn tí wọ́n wà lábẹ́ mi ńkọ́? Kò sí olówó oṣù ńlá tí kì í ṣe agbanisíṣẹ́. Ó ní dírẹ́bà, ó ní ọmọ ọ̀dọ̀, ó ní ẹni tí ń ṣọ́ gééètì, ó ní ẹni tí ń fọ aṣọ rẹ̀. Ẹni tí ó ń bínú pé nǹkan ti wọ́n, tí ó sì ń san iye tí ó ń san fún dírẹ́bà ní ọdún 2021 títí di òní, ń ṣe ohun tí ó ń fi ọ̀gá rẹ̀ sùn fún. Nínú hádíìsì tí Ibn Majah gbà wá, Ànábì pàṣẹ kí a san owó òṣìṣẹ́ kí òógùn ara rẹ̀ tó gbẹ.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ọ́ dé ilé. Láyé àtijọ́, ọmọ kéwú a máa mú owó Aláàrúbá lọ fún áàfáà rẹ̀ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀. Owó kékeré ni, ṣùgbọ́n òbí kì í fi falẹ̀. Lónìí, òbí wà tí ó ń san ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà fún ilé-ìwé gẹ̀ẹ́sì ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà láìjanpata, ṣùgbọ́n tí ó máa ń ná owó ilé-kéwú bí ẹni ń ná ata lọ́jà. Yóò ní ṣebí nítorí Ọlọ́hun ni áàfáà ń ṣe é. Nítorí Ọlọ́hun ni lóòótọ́, ṣùgbọ́n áàfáà náà ń ra gààrí ní ọjà kan náà. Sayyidina Abubakar pẹ̀lú ń ṣe tirẹ̀ nítorí Ọlọ́hun, síbẹ̀ àwọn sàhábà mọ̀ pé ìdílé rẹ̀ yóò jẹun. Òbí tí ó bá ti jẹ áàfáà ọmọ rẹ̀ ní owó sáà méjì, kí ó san án kí ó tó lọ bá ọ̀gá rẹ̀ jà fún àfikún.

Nítorí náà, bí àpò bá jẹ́ ọ̀kan, tí owó inú rẹ̀ kò lè kárí, ẹni tí ebi ń pa ni a kọ́kọ́ ń bu oúnjẹ fún. Olówó oṣù ńlá lè bèèrè ẹ̀tọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó má ṣe sáré kọjá ẹni tí tirẹ̀ kò tó jẹun rárá.

5. ÌTẸ́LỌ́RÙN KÌ Í ṢE ÌDÁKẸ́JẸ́

Àwọn kan rò pé ẹni tí ó ní ìtẹ́lọ́rùn kò gbọdọ̀ la ẹnu bèèrè ohunkóhun. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìtẹ́lọ́rùn wà nínú ọkàn, ẹ̀tọ́ wà nínú àdéhùn. Ènìyàn lè máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun kí ó sì kọ lẹ́tà sí ọ̀gá rẹ̀ ní ọjọ́ kan náà.

Hakim ọmọ Hizam tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Ànábì lẹ́ẹ̀mẹta, Ànábì sì fún un ní ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta. Lẹ́yìn náà ni ó kọ́ ọ pé dúkìá dùn, ó sì wuni. Pé ẹni tí ó bá fi ọkàn tútù gbà á yóò rí àlùbáríkà nínú rẹ̀, ẹni tí ó bá fi ojúkòkòrò gbà á yóò dà bí ẹni tí ń jẹun tí kì í yó. Hakim búra pé òun kò tún ní tọrọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Títí dé àkókò Sayyidina Abubakar àti Sayyidina Umar, tí wọ́n pè é kí ó wá gba ìpín tí ó tọ́ sí i, kò gbà á. Kì í ṣe dandan kí a ṣe bí Hakim, nítorí Ànábì sọ fún Sayyidina Umar fúnra rẹ̀ pé kí ó gba owó tí ó bá tọ̀ ọ́ wá láìfi ojúkòkòrò lé e. Ṣùgbọ́n ìtàn Hakim fi hàn wá pé àjẹyó kò sí nínú iye oúnjẹ nìkan.

Oògùn tí Ànábì sì fún wa kò gbówó lórí. Nínú ọ̀rọ̀ ayé, kí á máa wo ẹni tí ó wà nísàlẹ̀ wa, kí á má máa wo ẹni tí ó wà lókè wa, kí á má bàa fojú tín-ínrín ìdẹ̀ra Ọlọ́hun. Ẹni tí ó ń gba ₦700,000, kí ó rántí ẹni ₦70,000. Ẹni ₦70,000 kí ó rántí ẹni tí kò rí iṣẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ óò di dókítà, adájọ́, oníṣòwò àti áàfáà ńlá lọ́la, ẹ kọ́ èyí láti ìsinsìnyí: ẹ bèèrè ẹ̀tọ́ yín láìṣojo, ẹ fún ẹlòmíràn ní tirẹ̀ láìfalẹ̀, kí ẹ sì yọ sàká ohun tí ẹ bá rí nígbà tí ó bá pé òṣùwọ̀n àti ọdún.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÀWỌN AKẸ́KỌ̀Ọ́

1. Kí ni ìdí méjì tí Sayyidina Abubakar fi bèèrè àfikún owó?
2. Bí owó oṣù kò bá yí padà, tí ohun tí a ń rà ní ₦100 di ₦135, kí ni ó ti ṣẹlẹ̀ sí owó oṣù náà?
3. Sọ ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín ohun tí Sayyidina Abubakar ṣe àti ohun tí Ibn al-Lutbiyyah ṣe.
4. Kọ òṣùwọ̀n mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sílẹ̀, kí o sì kà wọ́n sí etí àwọn òbí rẹ nílé.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní arísìkí hàláàlù, kí Ó fi àlùbáríkà sí i, kí Ó má jẹ̀ẹ́ kí a jẹ ẹ̀tọ́ ẹlòmíràn, kí Ó sì má jẹ̀ẹ́ kí wọ́n jẹ tiwa. Àmín.